Apá Kejì Ńkọ́?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ṣeé ṣàlàyé fún ìyá mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ilé ìwádìí kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ìwádìí kí ni. Mo ní ìwádìí nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣèjọba. Wọ́n ní kí là ń ṣe níbẹ̀ gan-an láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ní à ń kàwé, à ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè, à ń jiyàn, a sì ń ronú.

"Ẹ ń ronú?" Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ni kì í ronú? Wọ́n wá ń sanwó ìyẹn fún yín?"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ wá ní Ẹgbẹ́ Aronú. Bí aládùúgbò bá béèrè mi, wọ́n á ní, "Ó wà níbì kan, ó ń ronú." Èmi kì í sì í gba yẹ̀yẹ́ bọ̀rọ̀. Onínú fùfù ni mí, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ibi iṣẹ́ kan náà ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wà, tábìlì kan náà la jọ ń jókòó sí, síbẹ̀ ìyá wa kì í fi tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ìkẹyìn ni. Tí òun bá ń ronú, iṣẹ́ ló ń ṣe. Tí èmi bá ń ronú, mò ń fi ọjọ́ ayé mi ṣòfò ni.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni ọ́fíìsì wa wà. Bí àwọn ti ìsàlẹ̀ bá ń dán ẹ̀rọ wò, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà wa, a ó sì máa pariwo bá ara wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, a kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé à ń kọ́ àwọn èèyàn ní títẹ̀wé. Ọlọ́pàá tó bá gòkè wá á bá wa nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, á wò yíká, á ní ká máa ṣe jẹ́jẹ́. Kò mọ̀ pé ohun tí à ń tẹ̀ ni bí àwọn orílẹ̀-èdè tí ológun ti lọ ṣe ń pín agbára, bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìnáwó ìlú lójú gbogbo èèyàn, àti bí wọ́n ṣe ń lé mínísítà lọ sílé láìyìnbọn.

Ẹni tó dá ilé náà sílẹ̀ jẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì tẹ́lẹ̀, tí ìjọba lé kúrò níṣẹ́ nítorí pé wọ́n béèrè ìbéèrè. Lójú wọn, Bàbá là ń pè wọ́n. Lẹ́yìn wọn, Apákejì ni, nítorí pé tí o bá sọ fún Bàbá pé òjò ń rọ̀, wọ́n lè bi ọ́ pé, "Apá kejì ńkọ́?"

Òfin kan ni Bàbá fi lélẹ̀ nínú ilé yẹn, kò sì sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. O kò gbọdọ̀ ta ko èrò ẹnikẹ́ni àfi tí o bá ti kọ́kọ́ gba ẹnu onítọ̀hún sọ ọ́. O máa sọ ọ́ tọkàntọkàn, bí ẹni pé ìwọ lo ni ín, títí ẹni náà á fi fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Bí kò bá tíì lu tábìlì, o kò tíì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí ó bá sì ti lù ú, ó di dandan kí òun náà sọ tìrẹ, kí ìwọ náà lù ú.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí rédíò ti ń sọ apá kan ṣoṣo fún wa," Bàbá máa ń wí. "Etí kejì ti ń kú lọ. Ẹ jẹ́ ká máa fi ṣe eré ìdárayá níbí."

Mo kórìíra òfin yẹn. Nígbà tí inú bá ń bí mi, ta ló fẹ́ gba ẹnu ẹni tó bí mi nínú sọ̀rọ̀? Àbúrò mi ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú gbogbo wa. Igun tábìlì tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń bà ti dán gbinrin.

Àfi bí eré, àwọn ológun lọ. Wọ́n dìbò, wọ́n yan àwọn aṣòfin, kò sì pẹ́ tí àtẹ̀gùn wa fi kún. Àwọn aṣòfin tuntun ni. Olùkọ́ wà nínú wọn, àgbẹ̀ wà nínú wọn, ẹlẹ́sìn wà, aláìlẹ́sìn wà. Wọn ò ní ọ́fíìsì, wọn ò ní ibi ìkàwé. Ilé aṣòfin fúnra rẹ̀, àwọn ológun ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Wọ́n wá bi wá bí wọ́n ṣe ń kọ òfin, bí wọ́n ṣe ń kà á, ta ló láṣẹ láti ránṣẹ́ pe mínísítà, àti pé bí mínísítà bá kọ̀ ńkọ́. Àwọn èèyàn tí kò lè jókòó sí ojú kan náà níta ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń gba ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń lu tábìlì Bàbá.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù kó tó di aṣòfin. Ó jókòó síwájú Bàbá, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ó ní. "Tí ìjọba bá gbé nǹkan wá tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, kí ni mo máa ṣe?"

"Ẹ máa ní rárá ni."

"Kí n ní rárá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí n sì sùn sílé mi lọ́jọ́ náà?"

"Kẹ́ ẹ sùn sílé yín, kẹ́ ẹ sì tún wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì," Bàbá dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà di fìlà rẹ̀ mú. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò: "Rárá." Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ròkè díẹ̀: "Rárá!" Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo yàrá bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ. Mo dìde, mo lọ dúró lójú fèrèsé kí wọ́n má baà rí omi lójú mi. Ohun tí à ń tẹ̀ níkọ̀kọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló fẹ́ lọ fi ṣiṣẹ́ yìí.

Nígbà tí ìjọba tuntun wá ẹni tó mọ̀ nípa ìjọba ìbílẹ̀ títí, àbúrò mi ni wọ́n rí. Wọ́n fi ṣe mínísítà. Ìyá wa yọ̀ débi pé wọ́n gbàgbé láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Àbá òfin àkọ́kọ́ tí àbúrò mi gbé wá ló dá ìjà sílẹ̀. Ìjọba ti ṣèlérí pé ọdún náà ni ará ìlú máa dìbò yan àwọn alága ìbílẹ̀ fúnra wọn. Àbúrò mi ní kí wọ́n sún ìbò náà síwájú ní ọdún méjì, kí ìjọba máa yan àwọn alága náà fúngbà díẹ̀. Ilé aṣòfin ní kí ilé ìwádìí wa bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá sì gbé e fún mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ká mi lára. Mo kọ ọ́ pé kò dáa.

Ṣùgbọ́n òfin ilé wa ò yí padà nítorí mínísítà. Ó gbọ́dọ̀ wá kó gbọ́ bí mo ṣe gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó lu tábìlì. Mo pè é lórí fóònù.

"Àǹtí mi, ẹ ṣàánú mi," ó ní. "Ọwọ́ mi dí. Ẹ kọ ohun tó bá wù yín."

"Mi ò lè gbé e jáde tí o ò bá lu tábìlì."

"Ẹ bá mi lù ú."

Ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ bá mi lù ú! Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn mi. Inú mi ru débi pé mo jáde lọ dúró sórí àtẹ̀gùn kí n má baà ju nǹkan.

Ilé aṣòfin wá dá ọjọ́ tí èmi àti mínísítà máa sọ̀rọ̀ níwájú wọn. Ìyá wa gbọ́, wọ́n sì ní kí n wá.

"Wọ́n ní o fẹ́ dúró níwájú gbogbo ayé kó o máa bú àbúrò rẹ."

"Mi ò ní bú u, Màmá. Ọ̀rọ̀ ìbò ni mò ń sọ. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti dìbò rí láyé yín?"

"Mi ò dìbò rí. Kí ló wá ṣe mí? Ṣé mo rù ni?"

Lóòótọ́, lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú ń yan aṣòfin, wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn. Orúnkún náà ò dí wọn lọ́wọ́ láti lọ kí ọ̀rẹ́ wọn níkangun àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

"Ẹlòmíì ni wọ́n ti ń yàn fún mi láti ọjọ́ tí mo ti dáyé," wọ́n ní. "Ọdún méjì sí i ò ní pa mí. Ìwọ ṣáà gbọ́. Tó o bá dójú ti ọmọ mi níbẹ̀, má wá sílé mi mọ́."

"Ọmọ yín? Èmi ńkọ́, Màmá, ọmọ ta ni èmi?"

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn lọ. Mo lọ sílé, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun fún ọjọ́ mélòó kan. Mo mọ̀ pé tí n bá pa ẹnu mọ́, ìlú ò ní dìbò. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí n má níyàá mọ́, kí n má lábúrò mọ́.

Mo lọ. Ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin, ọkàn mi sì já bó ṣe máa ń já. Ọlọ́pàá náà kí mi. Ó kí mi! Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màdáàmù, ẹ kọjá." Mo kọjá, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀. Gbọ̀ngàn náà ga, wọ́n ti kó àwọn àga kíkán kúrò, ọ̀dà tuntun ṣì ń rùn lára ògiri. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló lè jókòó sókè, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba òun. Mo wòkè, mo rí ìyá mi. Wọ́n ti múra dáadáa, wọ́n wá wo ọmọ wọn. Ẹ̀gbẹ́ wọn gan-an ni Bàbá Apákejì jókòó sí.

Abẹnugan ilé jẹ́ obìnrin tó ti ṣe olórí nọ́ọ̀sì rí, ó sì ń darí ilé bí ẹni ń darí wọ́ọ̀dù. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Tí agogo bá ti dún, kónítọ̀hún jókòó. Wọ́n pè mí síwájú. Àbúrò mi wà ní ọwọ́ kejì, nídìí tábìlì tirẹ̀.

"Ọlọ́lá Mínísítà, ẹ kú ìkàlẹ̀," mo ní. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, mi ò tíì pè é ní "ẹ" rí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó yára wolẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì wa. Mo gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní orúkọ àwọn olùdìbò ò tíì pé. Mo ní owó ò sí. Mo wò ó, kò lu tábìlì. Mo ní àwọn èèyàn ìjọba àná ṣì ni wọ́n lówó jù nílùú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè ra ìbò bí ẹni ra iyọ̀. Kò lù ú. Mo mọ ọmọ yìí. Mo mọ̀ pé ohun kan wà nísàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ tí kò kọ sínú àbá rẹ̀. Mo wá ìyẹn lọ.

"Ẹ̀rù ló ń ba Mínísítà," mo ní. "Ẹnu ọ̀nà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yìí, wọ́n ń bẹ̀rù pé ibẹ̀ ni àwọn tí a lé lọ máa gbà wọlé padà, tí wọ́n á sì tì í pa mọ́ wa lójú. Mínísítà ò fẹ́ gba ìbò lọ́wọ́ wa. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ìbò tí a bá yára dì yìí lè jẹ́ èyí tó kẹ́yìn."

Àbúrò mi gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Gbò, lórí tábìlì.

Agogo sì dún.

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé àbá náà ni mo wá gbè lẹ́yìn.

"A dúpẹ́, Màdáàmù," Abẹnugan ní. "Ẹ jókòó."

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Abẹnugan ní òfin ni òfin. Ní ọ́fíìsì wa, kò sẹ́ni tó lu agogo fún wa rí. A lè jiyàn títí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ á fi dákẹ́. Kò sẹ́nì kan nínú wa, àtèmi àti Bàbá, tó rò ó pé agogo á wà níbẹ̀. Mo wòkè, Bàbá káwọ́ lérí. Ìyá mi ló ń pàtẹ́wọ́ jù. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ̀gbà tí mo jókòó. Mo ti fi ẹnu ara mi gba ìbò kúrò lọ́wọ́ gbogbo ìlú.

Wọ́n pe àbúrò mi. Kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe ju kó dúpẹ́ kó jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọba ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ó dìde, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ká a, ó fi í sápò.

"Abẹnugan, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ tèmi," ó ní. "Wọ́n sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Àyè tèmi yìí, tiwọn ni mo fẹ́ fi sọ."

Ariwo sọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan fà á láṣọ. Kò wo ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Ó ní alága tí ìjọba bá yàn, ìjọba ló máa sìn. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ti sọ pé "fúngbà díẹ̀" níbòmíràn, wọn ò rántí ṣíwọ́ mọ́. Ó yíjú sí mi. Mi ò gbé ọwọ́. Kì í ṣe pé mo ń ṣagídí, ara mi ti kú ni. Mi ò mọ̀ pé èèyàn tó wà nípò lè ṣe báyìí lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú rédíò tó ń gbé e káàkiri.

Ó rò pé òun ò tíì débẹ̀ ni. Ó wòkè.

"Ìyá kan jókòó sókè yẹn," ó ní. "Wọn ò dìbò rí. Tí a bá ní kí wọ́n dúró fún ọdún méjì, wọ́n máa ní kò burú. Wọn ò ní bínú, wọn ò ní sunkún. Ó ti mọ́ wọn lára. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ nìyẹn, Abẹnugan. Bó ṣe ti mọ́ wọn lára yẹn ló yẹ kó bà wá lẹ́rù ju àwọn tó fẹ́ ra ìbò lọ."

Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi tó wà níwájú mi, ó sì dùn mí wọ egungun.

Agogo wà lọ́wọ́ Abẹnugan, kò lù ú. Nígbà tó yá, ó ní, "Mínísítà, apá wo lẹ wá wà gan-an?"

"Mo ṣì wà lẹ́yìn àbá mi. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè dìbò lórí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́ apá kan rẹ̀. Gbogbo wa la ti gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ rí."

Wọ́n ní kí àwọn aṣòfin máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan awakọ̀ ọjọ́sí, ó ṣí fìlà, ó gbé e sórí tábìlì. "Rárá," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo gbọ̀ngàn, ó sì jókòó bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti ilé ọmọ. Orí mi wú. Mo ti ka ìwé nípa ohun yìí títí ojú fi ń dùn mí, mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. "Rárá" ló borí, díẹ̀ báyìí.

Mo bá ìyá mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀ níta. Bàbá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tábìlì lílù fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n kọjú sí mi.

"Ìwọ lo sọ tọmọ mi dáadáa yẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"O mọ̀rọ̀ọ́ sọ." Wọ́n tún gèlè wọn ṣe. "Òun náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ."

"Ṣé kí n máa bọ̀ nílé?"

"Ta ló ní kó o má wá?"

Kò pẹ́ kò jìnnà, ìjọba yọ àbúrò mi nípò nítorí ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ̀rù sì bà mí, nítorí mo mọ ibi tí wọ́n máa ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ láyé àná. Wọn ò gbé e lọ síbì kankan. Ó sùn sílé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gun àtẹ̀gùn wá, ó gbé páálí kan sábẹ́ apá, ó sì jókòó sí igun tábìlì rẹ̀ tó ti dán. Bàbá wò ó láti inú jígí ojú wọn.

"Ó pẹ́ kó o tó dé," wọ́n ní, wọ́n sì ń bá ìwé kíkà wọn lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ìbò ìbílẹ̀ pé, ìyá wa ní kí àwa méjèèjì wá. Èèyàn méjì ló ń du ipò alága ládùúgbò wọn. Ọ̀kan jẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó ti bá àwọn ológun ṣiṣẹ́, irú èyí tí àbúrò mi ń bẹ̀rù gan-an. Èkejì jẹ́ obìnrin apoògùn tí ẹnu rẹ̀ le, tí mi ò fẹ́ rí sójú. Ìyá wa jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ní kí àbúrò mi sọ ti agbaṣẹ́ṣe, kí èmi sọ ti apoògùn.

"Màmá, mi ò fẹ́ràn rẹ̀," mo ní.

"Ìdí tí mo fi ní kí ìwọ sọ ọ́ nìyẹn."

A sọ ọ́. Mo gbìyànjú débi pé apoògùn náà fẹ́ẹ̀ wù mí. A wo ọwọ́ ìyá wa, ọwọ́ náà ò kúrò lórí itan wọn. Wọ́n dìde, wọ́n ní ká máa lọ.

Ìlà gùn láti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dìbò dé títì. Kò sẹ́ni tó ń ti ẹnì kejì. Ìyá wa ò dárúkọ orúnkún. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n gbé ìwé ìbò wọn dání, wọ́n wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta yí tábìlì kékeré kan ká nígun yàrá, a ò sì rí ju bàtà wọn lọ mọ́. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n pẹ́ gan-an. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn.

"Màmá," ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bójú tó ìbò pè wọ́n, "ṣé kò sí wàhálà o?"

"Ẹ ní sùúrù," ìyá mi dáhùn látẹ̀yìn aṣọ. "Mò ń ronú."

Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà la gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn lórí tábìlì, lẹ́ẹ̀kan.